Ọlábísí Àjàlá: Ọkùnrin tó fi Vespa rìn yí ayé ká

Ní Ìsùàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, bí ọmọ kan bá ti ilé ìyá rẹ̀ bọ́ sílé ẹ̀gbọ́n, tó tún ti ilé ẹ̀gbọ́n kọjá sílé ọ̀rẹ́, títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù kó tó wọlé, orúkọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ máa pè é: Àjàlá. Ọlọ́kadà tó gbé èrò lọ sí Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, tó kọjá sí Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án, tó wá lọ sùn sí Àkúrẹ́, Àjàlá náà ni wọ́n máa pè é ní gáréèjì. Orúkọ yẹn ti di àwàdà lẹ́nu wa débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí rò pé inú àlọ́ ló ti wá, bíi ti Ìjàpá. Ṣùgbọ́n Àjàlá kì í ṣe ará inú àlọ́ o. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ó kàwé, ó ṣe fíìmù, ó jókòó pẹ̀lú àwọn olórí orílẹ̀-èdè, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sì kú sí Èkó lọ́jọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1999.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Moshood Adìsá Ọlábísí Àjàlá. Gold Coast, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ghana lónìí, ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Gold Coast tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ilé olórogún ni Àjàlá ti jáde, ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí ẹni tó bá fẹ́ kí ojú rí òun gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú un padà wá sílé. Ó lọ sí Baptist Academy l'Ékòó, ó tún lọ sí Ibadan Boys' High School n'Íbàdàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ dókítà ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó fi lọ. Ẹ jẹ́ ká rántí irú àkókò tó jẹ́. Ọdún 1951 ni wọ́n ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀wọ̀ yìí kan náà, Olóyè Michael Ajáṣin sì wà lára àwọn tó ń palẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955. Ìwé kíkà ni gbogbo ilé ń lé nígbà yẹn. Ọmọ tó bá dé òkè òkun, gbogbo ẹbí ló ń retí pé kó padà wá pẹ̀lú oyè dókítà tàbí ti lọ́yà. Kò sí ẹbí tó ń gbàdúrà pé kí ọmọ wọn di arìnrìn-àjò.

Chicago ni Àjàlá ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan ń dùn ún níbẹ̀ ju òtútù lọ: irú ojú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wo ọmọ adúláwọ̀. Nínú fíìmù wọn, nínú ìwé àwòrẹ́rìn-ín wọn, ìhòòhò ni ará Áfíríkà máa ń wà, orí igi ló sì ń gbé. Àjàlá pinnu pé òun máa fi ara òun ṣe ẹ̀rí. Ó ní láti Chicago, òun máa gun kẹ̀kẹ́ dé Los Angeles, ní òdìkejì ilẹ̀ náà, aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá lòun sì máa wọ̀ lọ. Níbi tí òun bá ti dúró, òun á bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilé.

Ẹni tó bá mọ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn á mọ̀ pé ìpinnu yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, adúláwọ̀ ò gbọ́dọ̀ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tí òyìnbó ń sùn sí, kò gbọ́dọ̀ jókòó jẹun níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ọdún 1964 ni òfin tó fòpin sí i tó dé. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìwé kan wà tó ń jẹ́ Green Book, tí adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Victor Hugo Green ń tẹ̀ jáde láti ọdún 1936, tó ń sọ ilé tí adúláwọ̀ lè sùn sí, ibi tó ti lè jẹun àti ibi tó ti lè ra epo láìsí wàhálà. Adúláwọ̀ tó bá fẹ́ rìnrìn àjò nígbà yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ máa ṣú u sí. Àfi kó mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1952, Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Máìlì 2,280 ni ìrìn àjò náà, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 3,670. Ọjọ́ 28 ló fi rìn ín. Bí a bá pín in, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 130 lójúmọ́. Ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, tó padà sí Ọ̀wọ̀, tó tún yí orí kẹ̀kẹ́ padà tó mú ọ̀nà Àkúrẹ́ pọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i kílẹ̀ tó ṣú, tó sì tún jí ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Orí kẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe ọ̀kadà. Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi dé Los Angeles, ọmọ Yorùbá tó wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ ti di ìròyìn.

Ìròyìn yẹn ló gbé e dé Hollywood. Iléeṣẹ́ fíìmù 20th Century Fox gbà á síṣẹ́ nínú fíìmù White Witch Doctor, tó jáde lọ́dún 1953. Susan Hayward àti Robert Mitchum ni òṣèré àgbà inú rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dá lórí ilẹ̀ Congo. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu díẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ torí kí wọ́n má fi ojú fíìmù wo Áfíríkà mọ́, inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ náà ló ti wá rí owó ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Adùn yẹn ò tọ́jọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀sùn sọ̀wédowó tí kò lówó nínú kàn án. Àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò náà dé, wọ́n ní kò tẹ̀ lé òfin tó mú un wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o lọ, Àjàlá gun orí òpó rédíò kan lọ ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò ní Amẹ́ríkà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló balẹ̀ sí. Ọ̀nà dókítà ti dí. Ẹlòmíì ì bá fi ìtìjú padà sílé, kó wá iṣẹ́ akọ̀wé kan ṣe. Àjàlá ní tirẹ̀ ra Vespa.

Àwọn ará Ítálì ló ń ṣe Vespa, iléeṣẹ́ Piaggio ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1946, lẹ́yìn ogun Hitler. Agbọ́n ni Vespa túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ó jọ agbọ́n náà lóòótọ́: ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ìbàdí rẹ̀ tín-ínrín, ariwo rẹ̀ sì ń kùn yùn-ùn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju ti Bajaj tó ń gbé èrò kiri ìgboro Ọ̀wọ̀ lónìí lọ púpọ̀. Táyà rẹ̀ kéré, ó sì sún mọ́lẹ̀, kòtò tí alùpùpù ńlá máa fò kọjá lè gbé e ṣubú. Jíà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù kó tó rọ ọ́ sínú táńkì. Bó bá gbàgbé ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á jó. Ìgboro ni wọ́n ṣe irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ fún, kí akọ̀wé lè gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kí ìyàwó ilé lè gùn ún lọ sọ́jà. Òun ni Àjàlá fẹ́ fi la aṣálẹ̀ kọjá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bó ṣe rí títí dòní, àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù ní ìrìn àjò kan tí wọ́n máa ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣáájú àkókò. Erékùṣù Man ni wọ́n máa ń lọ, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, láti lọ wo eré ìje alùpùpù tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1907. Ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń sáré ọ̀hún, lẹ́bàá ilé àti ògiri òkúta, fún nǹkan bíi kìlómítà 60 kí wọ́n tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá eré náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó á sanwó ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, á wá ibi tó máa sùn sí ṣáájú oṣù karùn-ún, á sì mọ ọjọ́ tó máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti parí.

Ètò ti Àjàlá yàtọ̀ sí ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ife-ẹ̀yẹ. Kò ní ọjọ́ ìpadà. Ọdún 1957 ló gbéra, ọdún tí Ghana tí wọ́n bí i sí gba òmìnira. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ òyìnbó. Ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà gan-an kì í ṣe epo tàbí táyà. Ìwé ni. Ayé ti pín sí méjì nígbà yẹn: Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá kan, Rọ́ṣíà àti àwọn tirẹ̀ lápá kejì. Orílẹ̀-èdè tó bá fún èèyàn ní fisà lónìí lè jẹ́ ìdí tí èkejì ò fi ní fún un lọ́la. Tí wọ́n bá rí òǹtẹ̀ Ísírẹ́lì nínú páásípọ́ọ̀tù, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá ò ní jẹ́ kó wọlé. Arìnrìn-àjò tó bá lọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dé àti èyí tó máa fi ṣe ìkẹyìn.

Àjàlá mọ èyí. Ó tún mọ nǹkan mìíràn: pé ẹni tí aláṣẹ ńlá bá ti gbà lálejò, aláṣẹ kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ lè dá a dúró lẹ́nubodè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé olórí ìlú ló máa ń wá lọ. Ó rí Nehru ní Íńdíà. Ó rí Khrushchev ti Rọ́ṣíà. Ó rí Shah ti Iran, ó rí Ọ̀gágun Kassem tó gbàjọba ní Iraq lọ́dún 1958, ó sì rí Nasser ti Íjíbítì. Kì í ṣe aṣojú ìjọba kankan. Kò lówó lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan ṣá ni, tó gun agbọ́n tí eruku bò.

Ibi tí orí ti kó o yọ jù lọ ni Jerúsálẹ́mù. Láti ọdún 1949 ni ìlú yẹn ti pín sí méjì, apá kan wà lọ́wọ́ Jọ́dánì, apá kejì wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Ẹnubodè kan ṣoṣo ló so ó pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Mandelbaum. Sójà ló wà lọ́tùn-ún, sójà ló wà lósì, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà láàárín. Apá Jọ́dánì ni Àjàlá wà, apá Ísírẹ́lì ló sì fẹ́ dé, ṣùgbọ́n kò rí àṣẹ gbà. Ó tan Vespa rẹ̀, ó fún un ní iná, ó sì fi eré já ẹnubodè náà kọjá. Kò sí nǹkan tó ní kí wọ́n má yìnbọn pa á lọ́jọ́ náà. Bó ṣe bọ́ sí òdìkejì, àwọn ará Ísírẹ́lì mú un, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá amí ni. Nígbà tó yá, wọ́n tú u sílẹ̀, ó tún rí Golda Meir tó jẹ́ mínísítà fọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ fẹ́ràn láti dúró síbẹ̀ yẹn, nítorí ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ètò rẹ̀ forí ṣánpọ́n lọ́jọ́ náà. Ìwé tó yẹ kó ní, kò ní in. Orí ló gbé e. Yorùbá máa ń sọ pé Àjàlá ló ń mọ orí ní ìsálọ́run, tí olúkúlùkù á lọ yan tirẹ̀ níbẹ̀. Bóyá Ọlábísí Àjàlá yan èyí tó jinná dáadáa. Orí kan náà kọ́ ni gbogbo wa yàn ṣá.

Ó dé Australia pẹ̀lú, nígbà tí òfin ibẹ̀ ṣì ń dí ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lọ́wọ́ láti wá fi ibẹ̀ ṣelé. Láàárín gbogbo èyí, ayé ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1960 nìkan, orílẹ̀-èdè 17 ló gba òmìnira ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nígbà tó gbéra, ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso ni. Nígbà tó fi máa dúró, ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè tó ní àsíá tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi rìn, orílẹ̀-èdè 87 ló sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Lọ́dún 1963, ó kó ìtàn náà sínú ìwé tó pè ní An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tó padà wálé, gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ń bá àwọn eléré ṣètò òde. Ní àwọn ọdún 1970, Olóyè Ebenezer Obey kọ orin kan tó fi kí i fún ìrìn àjò rẹ̀. Orin yẹn ló parí iṣẹ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò ka ìwé rí, tí wọn ò sì mọ ibi tí Mandelbaum wà, gbogbo wọn ló mọ orin náà. Rédíò ń lù ú láàárọ̀ lálẹ́. Láti ìgbà náà ni Àjàlá ti kúrò ní orúkọ ènìyàn kan, tó di orúkọ fún gbogbo ẹni tí kì í gbélé.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì ìtàn náà wà, òun sì ni orin ò sọ. Ẹni tó bá ń rìn ní gbogbo ìgbà, ta ló ń bá a gbélé? Àjàlá fẹ́yàwó ju ọ̀kan lọ, nílé àti lókè òkun. Ó bímọ síbí, ó bímọ sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ mìíràn dàgbà sí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò tipẹ́. Ìrìn àjò tó kó o dé ààfin Shah ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn mọ ohùn bàbá wọn dáadáa. Ó ṣètò bó ṣe máa wọ orílẹ̀-èdè 87. Ètò ọjọ́ ogbó ni kò rí ṣe.

Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ilé tó háyà ní Bàrígà, l'Ékòó, ló ń gbé. Kò sí ọkọ̀ ńlá lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ilé alájà tí àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá Nehru jókòó gbọ́dọ̀ ní. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó mú apá kan ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó fi wa kẹ̀kẹ́ máìlì 2,280 ò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ló wà nítòsí. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkẹjà ló ti mí èémí ìkẹyìn. Nàìjíríà kò ṣe ayẹyẹ ńlá kankan fún un. Kò sí òpópónà ńlá tí wọ́n fi sọrí rẹ̀.

Lásìkò ọdún Ìgógó, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá dé, ọ̀kadà á tò láti Ìsùàdà, láti Ìpele, láti Ẹmùrẹ́-Ilé, wọ́n á máa gbé èrò lọ wo ọdún l'Ọ́wọ̀. Inú irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń jáde tí wọ́n ń mú ọ̀nà aṣálẹ̀ pọ̀n, tí wọ́n ń gba Agadez lọ sí Libya, láìní ìwé, láìní ẹni tó ń retí wọn ní òdìkejì. Wọ́n á ní Àjàlá ṣáà lọ. Lóòótọ́ ló lọ. Ṣùgbọ́n Àjàlá mọ orúkọ ẹnubodè tó ń lọ, ó mọ irú fisà tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ó mọ ẹni tó fẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan tó fi agídí já ẹnubodè kọjá, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ.

Bí ìyá kan bá tún pe ọmọ rẹ̀ ní Àjàlá l'Ísùàdà lálẹ́ òní, ó yẹ kí ọmọ náà mọ ẹni tí wọ́n fi í wé. Ọmọ Yorùbá tó wọ agbádá la Amẹ́ríkà kọjá nígbà tí wọn ò fẹ́ kó jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Kí ọmọ náà dáhùn, kó wọlé, kó wá jẹun tirẹ̀ kó tó tutù. Bàbá tó ni orúkọ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ rí irú oúnjẹ alẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ pẹ̀lú àwọn tirẹ̀.